Mo Tú Àpótí Shunsaku Lẹ́yìn Ìyàwó Mi

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní ìlú Morioka, ní ilẹ̀ Japan. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì, àwọn ẹgbẹ́ mi fún mi ní òdòdó, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì gba ilé lọ, mo lọ jókòó ti giramafóònù mi. Orúkọ mi ni Kuwabara Isao. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí.

Èmi àti Tomie ìyàwó mi kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Shunsaku, ni ọmọ tí ó tọ́. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọkùnrin náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí Tomie sì jẹ́ ẹni ogún ọdún. Tomie ló ń di oúnjẹ ọ̀sán fún un lọ sí ilé ìwé. Òun ló ń rán aṣọ rẹ̀ tó bá ya. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, Shunsaku bá a wọlé mi bí ẹrù ìyàwó.

Ọmọ náà dàgbà, ó di ẹni tí ń tún rédíò ṣe. Nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ogún ọdún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí kan fún wa.

Ẹni tó bá ní giramafóònù yóò mọ irú àpótí tí mò ń wí. Ohùn tí abẹ́rẹ́ ń họ jáde lára àwo kò ju ìró ẹ̀fọn lọ. Nǹkan kan gbọdọ̀ wà láàrin tí yóò kọ́kọ́ gbé e dìde, kí ampilifáyà tó rí ohun tí yóò mú. Agbóhùndìde ni mo máa ń pè é. Bí òun bá ti kùnà, kò sí bí sípíkà rẹ ṣe lè tóbi tó, pàbó ni.

Pákó pupa ni Shunsaku fi ṣe ara tiwa. Gílóòbù onígíláàsì mẹ́rin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú tiransifọ́mà àtijọ́ méjì tí ó rà nílé iṣẹ́ rédíò kan tí wọ́n ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Iná pupa kékeré kan wà níwájú.

Ó kú ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Àìsàn inú ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, Tomie á gbé tíì rẹ̀ wá sínú yàrá orin, á jókòó sórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù tí àpótí náà wà, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á sì dijú títí àwo yóò fi tán.

Mo mọ gbogbo èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé n kò mọ̀.

* * *

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wà, olórí ewú bíi tèmi, tí a jọ ń gbọ́ orin lọ́jọ́ Sátidé ní ilé kọfí Hirabuki. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, wọ́n ní ilé mi ló kàn tí àwọn yóò ti wá gbọ́ ọ.

Mo gbé àwo lé e. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Hirabuki na etí sí sípíkà.

"Isao, kí ló ń kùn nínú ilé ẹ? Àbí o ti ń sin oyin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èkejì tún gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Bọ́ọ̀sì ló gbé wá sílé. Ẹ ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní kó fẹ̀yìntì, ó kọ̀," ni Hirabuki wí. "Ó kàn gbé iṣẹ́ wọlé."

Tomie wọlé pẹ̀lú tíì. Ó gbé ife kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Àbúrò mi ló kàn án."

Hirabuki tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyin yẹn ti wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbé àwo lé e, kíkùn yẹn ni mò ń gbọ́, n kò gbọ́ orin mọ́.

Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Mo ní, "Tomie, mo ń rò ó bóyá ká wá àpótí míì."

Ó gbé ọ̀pá ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ pààrọ̀ sípíkà. Tó bá wù yín, ẹ pààrọ̀ èmi náà, mo ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti Shunsaku sílẹ̀."

"Mo gbọ́," ni mo wí.

"Ṣé ẹ gbọ́ lóòótọ́?"

"Mo gbọ́, Tomie."

* * *

Mo kàn fẹ́ wò ó lásán ni. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù Nagatsuka tó ń ta ohun èlò orin. Ọkùnrin náà kì í fi ọjà lọ ènìyàn. Ó béèrè irú abẹ́rẹ́ tí mò ń lò, ó ronú díẹ̀, ó sì gbé àpótí mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ máa gbé e lọ lọ́kọ̀ọ̀kan," ó ní. "Etí ilé yín ni kẹ́ ẹ fi yàn, ẹ má fi etí ṣọ́ọ̀bù yàn."

Ọjọ́rú ni Tomie máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ títo òdòdó. Ọjọ́rú mẹ́ta ni mo fi dán wọn wò.

Èkíní mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn ń mu omi sísè ló rí. Kò kùn, kò sì dùn. Mo dá a padà.

Èkejì, ìlù rẹ̀ ń lu ni láyà. Inú mi dùn sí i fún wákàtí kan. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ó ń bo olórin lẹ́nu, bí ẹni tó na aṣọ sí iwájú rẹ̀. Mo dá òun náà padà.

Ẹ̀kẹta kò ju abọ́ oúnjẹ ọ̀sán lọ, àwọ̀ eérú. Mo fi àwo obìnrin olórin kan tí mo ti ń gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún lé e. Kí obìnrin náà tó kọ ìlà kejì, mo gbọ́ tó mí.

Ó mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó fa èémí sínú, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó nira. Ọgbọ̀n ọdún, n kò gbọ́ ọ rí. Mo gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀méje. Omi bọ́ lójú mi.

Mo padà sọ́dọ̀ Nagatsuka. "Ẹ̀kẹta ni," mo ní. "Ṣùgbọ́n agbára mi ò ká a."

"Abẹ́rẹ́ yín, ohùn ẹ̀ kéré púpọ̀," ó ní. "Àpótí yẹn ló mọ irú ẹ̀ tọ́jú. Kí ló wà nínú èyí tẹ́ ẹ ń lò nílé?"

Mo sọ fún un. Nígbà tí mo dárúkọ tiransifọ́mà méjèèjì, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wá ìyẹn kiri ayé," ó ní. "Ẹ kó inú ẹ̀ fún mi, kẹ́ ẹ mú eléyìí lọ. Ó parí."

"Àbúrò ìyàwó mi tó ti kú ló ṣe é."

"Á, nígbà náà, ẹ má tà á."

Ohun tó wí nìyẹn. Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀. Mo jókòó. Mo ń wo àpótí eérú yẹn bí ọmọdé ṣe ń wo àkàrà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

"Pákó ìta rẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kí ni n ó fi pákó ṣe? Ẹ lè gbé ìyẹn padà sílé."

Ibẹ̀ ni Èṣù ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi, mo sì wọlé láìbọ́ bàtà.

* * *

Ọjọ́rú kẹrin, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, mo fi aṣọ ìdẹrù di àpótí Shunsaku, mo gbé e lọ. Nagatsuka tú ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fa irin pẹlẹbẹ tí gbogbo nǹkan jókòó lé jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára," ni mo ní. "Aago mẹ́ta ni ìyàwó mi ń dé."

Ó ti ń ti òfìfo pákó náà sí mi nígbà tí mo tún sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rántí jù nínú gbogbo rẹ̀.

"Ẹ bá mi fi iná pupa yẹn sílẹ̀. Ẹ so bátìrì kékeré kan mọ́ ọn kó lè máa tàn."

Ó wò mí. "Tìtorí ìyàwó?"

"Tìtorí ìyàwó."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kí Tomie tó dé, pákó pupa ti wà ní ipò rẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn, àpótí eérú sì wà lẹ́yìn àwọn àwo níbi tí ojú kò tó. Tomie gbé tíì rẹ̀ wọlé, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé pákó. Mo fi àwo sí i. Obìnrin olórin náà mí, ó kọrin.

"Ó mọ́ lónìí," ni Tomie wí.

"Mo nu abẹ́rẹ́ ni."

Bí irọ́ àkọ́kọ́ ṣe jáde nìyẹn, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Ní oṣù kọkànlá, àwọn ọ̀rẹ́ mi tún wá. Hirabuki na etí sí sípíkà, ó dúró, ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Tomie wọlé pẹ̀lú tíì. Hirabuki yíjú sí i, ó tẹrí ba dáadáa.

"Ìyàwó wa, ẹ forí jì mí. Mo fi àpótí àbúrò yín ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Mi ò ní etí ni. Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́ lóòótọ́."

Ojú mi ni Tomie wò. Ó wò mí pẹ́, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ife tíì mi, mo mu ún, ó jó mi lẹ́nu.

"Ẹ ṣeun," ni Tomie wá sọ fún Hirabuki, ó sì jáde.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù. Ó ń jókòó lójú fèrèsé. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé ògiri ibẹ̀ dára láti fara tì. Nígbà tó yá, ó ń wá lọ́jọ́ kan, kì í wá lọ́jọ́ méjì. Nígbà tí yìnyín fi bo òpópónà, kò wá mọ́ rárá.

N kò bi í. Kí n sọ òtítọ́ fún yín, ara tù mí. Mo ń dá gbọ́ orin mi, mo ń gbọ́ bí obìnrin olórin yẹn ṣe ń mí.

* * *

Oṣù kejì ni a ṣe ìrántí ọdún keje Shunsaku. Àlùfáà wá ka àdúrà, ó mu tíì, ó lọ. Ó ku èmi, Tomie, àti Chinatsu, ọmọ kan ṣoṣo tí Shunsaku fi sáyé. Ó jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní Sendai. Ó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu, pàápàá ní ìka.

A jẹun tán, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó yọ sukudiráfà kan.

"Bàbá," ó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, "mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan tèmi. Ẹ jẹ́ kí n wo bí Dádì ṣe to wáyà inú èyí. Mi ò ní bà á jẹ́."

"Ọjọ́ ìrántí la wà yìí," ni mo ní. "Kò yẹ ká máa tú nǹkan."

"Ọjọ́ wo ló tún yẹ jù?" Tomie ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń kó abọ́ jọ, kò gbójú sókè.

"Iná inú rẹ̀ lágbára. Ó lè gbé ọmọ yìí."

Chinatsu rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣẹ́ tí mò ń kọ́ náà nìyẹn. Màá yọ ọ́ lára iná kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ó wọ yàrá orin. Mo tẹ̀ lé e. Tomie nu ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé wa. Ọmọ náà wá wáyà iná lẹ́yìn àpótí, kò rí. Ó fọwọ́ wá a lẹ́ẹ̀kejì. Iná pupa ń tàn.

"Ibo ló ti ń gba iná?" ó bi ara rẹ̀.

Ó dà á dojú bolẹ̀, ó tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ṣí i.

Bátìrì kan. Wáyà tínrín méjì. Gílóòbù pupa kékeré. Ìyókù ṣófo bí inú ìkòkò tí wọ́n fọ̀ tán.

Chinatsu wo inú rẹ̀, ó wò mí, ó wo Tomie. "Màmá, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Tomie wí.

Mo jókòó sílẹ̀. "O mọ̀?"

"Láti oṣù kẹwàá. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó tutù." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja. "Ó máa ń gbóná, ẹ gbàgbé ni? Tí àwọn gílóòbù yẹn bá ti tàn, á lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí orí ọmọ tó ń sùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó tutù. Lọ́jọ́ kejì, ó tutù. Mo ní bóyá ó ti bàjẹ́ ni, ẹ ò sì fẹ́ kí n sunkún. Mo ní ọkùnrin yìí ń ṣàánú mi. Mo wá ń dúró dìgbà tí ẹ máa rí ọ̀rọ̀ sọ."

"Tomie."

"Ìgbà tó yá ni mo ń nu eruku, mo rí ìkejì lẹ́yìn àwo."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mo bi yín. Ọjọ́ tí Hirabuki ní kí n forí ji òun, ṣebí mo wo ojú yín. Mo bi yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mu tíì."

Òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lẹ́yìn náà, n kò mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ó dára jù ú lọ dáadáa," ó ní. "Ṣé ohùn ni mo ń wá gbọ́ níbẹ̀?"

Chinatsu ti ń sunkún. Kò ké, omi kàn ń já bọ́ sínú pákó tó gbé sórí itan. "Dádì kọ nǹkan sí abẹ́ irin inú ẹ̀," ó ní. "Ó sọ fún mi ní ọsibítù. Ó ní Màmá ni òun kọ ọ́ sí, pé tí mo bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, kí n tú u fún wọn, kí wọ́n kà á. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kó jẹ́ òní."

Tomie kò mọ èyí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú.

* * *

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo rìn nínú yìnyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró lójú ọ̀nà títí Nagatsuka fi wá ṣílẹ̀kùn.

Ó gbọ́ mi tán. Ó gbé àga fún mi. Tiransifọ́mà méjèèjì ti lọ sí òkè òkun. Àwọn gílóòbù ti tà. Irin pẹlẹbẹ náà, òun àti àwọn àlòkù mìíràn ni wọ́n ti kó fún àwọn tó ń yọ́ irin, kí ọdún tuntun tó dé.

"Ìkọ̀wé wà lábẹ́ rẹ̀," ni mo ní. "Ẹ rántí?"

Ó ronú. "Ó wà. Pẹ́ńsù ni. Bí ìlà mẹ́ta, tàbí mẹ́rin. Mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ ní kí n yára."

N kò lè bá a jà. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kí n má tà á.

Mo délé, mo bá Tomie ní ilé ìdáná, ó ń bó àwọ̀ gbòǹgbò funfun kan tí yóò fi se ọbẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí Nagatsuka wí fún un. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Ìlà mélòó?"

"Mẹ́ta, tàbí mẹ́rin."

Ó mi orí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, àwọ̀ rẹ̀ ń bọ́ láìjá. "Shunsaku kì í kọ̀wé gígùn," ó ní. "Tó bá kọ tó ìlà mẹ́ta, á jẹ́ pé ó rò ó dáadáa."

Chinatsu gbé òfìfo pákó náà lọ sí Sendai. Ó máa ń pe Tomie lórí fóònù. Bí èmi bá gbé e, á kí mi dáadáa, á sì ní kí n fún Màmá.

Mo fẹ́ gbé àpótí eérú náà padà fún Nagatsuka. Tomie ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí lẹ ó wá fi gbọ́ orin?" Kò fi ṣẹ̀fẹ̀, kò fi bú mi. Ó ń se oúnjẹ, ó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, bí ẹnì kan bá pa á lẹ́rìn-ín lórí tẹlifísọ̀n, á rẹ́rìn-ín. Kò lé mi, kò sì lọ. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, á wọ bùbá òtútù rẹ̀, á lọ rìn létí odò Kitakami.

Mo bi í bóyá n lè bá a lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n máa dá rìn ná," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnì kejì yín bá ní kí ẹ fi ohun kan sílẹ̀, ẹ má bi í pé kí ló wúlò fún. Ó lè má lè ṣàlàyé fún yín. Èmi fetí sí ohùn láti ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìyàwó mi bá mi sọ nídìí oúnjẹ, n kò gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń wọ bàtà rẹ̀. Mo ní, "Tomie, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹ."

Ó so okùn bàtà kejì. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká kí ó lè dìde, nítorí orúnkún ń dùn ún.

"Èmi ti mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹ lọ sọ fún ẹni tí kò mọ̀."

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo wá ìwé, mo wá kálàmù, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí sí yín.